Kí Fólítéèjì Máa Bá Wa Yí Nọ́ọ̀bù: Bí A Ṣe Ń La Ihò Ìdarí Sára Mọ́dúùlù Síńtẹ̀sáísà

Ọwọ́ méjì péré ni olórin ní, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀bù tó wà lójú síńtẹ̀sáísà oní-mọ́dúùlù lè tó ọgọ́rùn-ún. Bí ọwọ́ kan bá ń yí èyí tó ń gbé ohùn sókè, tí èkejì ń yí èyí tó ń dín ariwo kù, ta ni yóò máa yí èyí tó ń mú ohùn gbọ̀n, àti èyí tó ń mú un pẹ́ nílẹ̀? Ìdáhùn tí àwọn tó dá ẹ̀rọ yìí sílẹ̀ mú wá ni pé kí iná fúnra rẹ̀ máa yí nọ́ọ̀bù. Mọ́dúùlù kan á tú fólítéèjì jáde, fólítéèjì yẹn á gba inú wáyà wọ mọ́dúùlù mìíràn, á sì ṣe iṣẹ́ tí ìka ì bá ṣe níbẹ̀. Fólítéèjì ìdarí nìyẹn. CV ni àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè é.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo nọ́ọ̀bù ni wọ́n la ihò CV fún. Páànẹ́lì lè kéré jù, ẹni tó ṣe é lè fẹ́ dín owó kù, ó sì lè má rò ó pé ẹnikẹ́ni yóò fẹ́ kí nọ́ọ̀bù yẹn máa rìn fúnra rẹ̀. Ẹni tó ra mọ́dúùlù náà ló máa ń rí i pé ibẹ̀ gan-an ni orin òun wà. Àlàyé yìí wà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, àti fún gbogbo ẹni tó mọ irin sọ́dà mú, tó sì fẹ́ mọ ohun tó wà nídìí iṣẹ́ náà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí òǹkàwé mú dání: ẹ mọ ohun tí nọ́ọ̀bù ń ṣe sí iná kí irin sọ́dà tó gbóná. Ẹni tó bá mọ èyí ti ṣe ìdajì iṣẹ́.

Láti Festac dé Alaba

Ìtàn iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí wa: Kuje wà ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ní Èkó, ní sàkáání Festac Town. Ìjọba kọ́ àwọn ilé Festac láti gba àwọn àlejò tó wá sí FESTAC '77, àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú, tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Lára àwọn tó wá sí Èkó nítorí rẹ̀ ni Sun Ra, tó wà lára àwọn olórin tó kọ́kọ́ fi síńtẹ̀sáísà Minimoog ṣeré, àti Stevie Wonder. Nígbà tí Stevie Wonder ṣe àwo Talking Book ní 1972 àti Innervisions ní 1973, TONTO ló lò fún púpọ̀ nínú ohùn tó wà nínú wọn. Síńtẹ̀sáísà oní-mọ́dúùlù ràgàjì ni TONTO, Malcolm Cecil àti Robert Margouleff ló sì kó o jọ. Mọ́dúùlù Moog wà níbẹ̀, ti ARP wà níbẹ̀, àwọn èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe náà sì wà níbẹ̀. Kí ẹ̀rọ láti ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó lè bá ara wọn ṣiṣẹ́, ó gba kí èèyàn tú inú wọn wò, kí ó sì tún wọn ṣe. Nítorí náà, àtúnṣe mọ́dúùlù kì í ṣe àṣà tuntun rárá.

Ní ilẹ̀ wa níbí, William Onyeabor ní Enugu fi síńtẹ̀sáísà gbé orin rẹ̀ ró láti 1977 títí di 1985. Ní Kampala, lórílẹ̀-èdè Uganda, Brian Bamanya tí gbogbo ayé mọ̀ sí Afrorack fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ síńtẹ̀sáísà oní-mọ́dúùlù, nítorí pé owó mọ́dúùlù tó ń ti òkè òkun wá ga jù. Ó fi í ṣe àwo tí ilé iṣẹ́ Hakuna Kulala gbé jáde ní 2022. Ọ̀nà tó tọ̀ yẹn ṣí sílẹ̀ fún wa. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Badagry láti Festac kò ní pẹ́ dé ọjà Alaba International ní Ọ̀jọ́, níbi tí áńpù tó ti bàjẹ́, míṣà tó ti dákẹ́ àti rédíò tòkunbọ̀ ti ń di ẹ̀yà ara fún ẹ̀rọ mìíràn. Op-amp 4558 tó wà nínú míṣà, pọ́ọ̀tì tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń pè ní fọ́lúùmù, jáàkì 3.5 mm tí a ń ki ẹnu ìgbọ́hùn bọ̀: àwọn ohun èlò tí a nílò fún iṣẹ́ yìí gan-an nìyẹn. Ìmọ̀ tó ń tún áńpù ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ní Kuje kò yàtọ̀ sí ìmọ̀ tó ń tún mọ́dúùlù ṣe.

Ohun tí CV ń ṣe

Ẹni tó bá ti wo onídùndún lẹ́nu iṣẹ́ ti mọ ohun tí CV ń ṣe. Ọwọ́ kan mú kọ̀ǹgọ́, òun ló ń lu awọ. Ọwọ́ kejì wà lórí ọsán: bí ó bá fún un, awọ á le, ohùn á gòkè, bí ó bá dẹ̀ ẹ́, awọ á rọ̀, ohùn á wálẹ̀. Kọ̀ǹgọ́ ló ń mú ìlù dún, ọsán ló ń mú un sọ̀rọ̀. Nínú síńtẹ̀sáísà, ọsilétọ̀ ló ń mú ohùn jáde, CV ló sì ń gbé e lọ sókè sódò. Mọ́dúùlù tí nọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ní ihò CV dà bíi gúdúgúdú: ó ń dún dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ọsán tí a lè fún lára rẹ̀. Fífi ọsán sí i ni iṣẹ́ tí a ń sọ yìí.

Ní 1964 ni Robert Moog, pẹ̀lú olórin Herb Deutsch, gbé mọ́dúùlù tí fólítéèjì ń darí jáde ní Amẹ́ríkà. Ní àkókò yẹn kan náà, Don Buchla ń ṣe tirẹ̀ ní California. Ìwọ̀n tí Moog lò ló wá di ti ọ̀pọ̀lọpọ̀: fólítì kan fún òkítéfù kan. Bí ọsilétọ̀ bá ń dún ní 220 Hz, tí a fi fólítì kan kún CV rẹ̀, yóò lọ sí 440 Hz. Bí a bá tún fi òmíràn kún un, ó di 880 Hz. Òkítéfù kan ní ìgbésẹ̀ 12, nítorí náà ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú ìdá 12 fólítì kan, ìyẹn bíi 83 mV.

Eurorack tí Dieter Doepfer bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní nǹkan bí 1995 ni irú mọ́dúùlù tó wọ́pọ̀ jù lónìí. Iná +12 V àti −12 V ló ń jẹ. Gíga páànẹ́lì rẹ̀ jẹ́ 128.5 mm. Ohùn tó ń gba inú wáyà rẹ̀ máa ń lọ láti −5 V dé +5 V. CV rẹ̀ náà sábà máa ń wà láàárín −5 V àti +5 V, tàbí láti 0 V dé 5 V tàbí 8 V. Ẹ fi àwọn nọ́ńbà yìí sọ́kàn, nítorí ìṣirò tó ń bọ̀ dúró lé wọn lórí.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta, iṣẹ́ mẹ́ta

Pọ́ọ̀tì, ohun tó wà lẹ́yìn nọ́ọ̀bù, ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ojú ọ̀nà kan tó ń dí iná lọ́wọ́ wà láàárín ẹsẹ̀ méjì tó wà létí, ẹsẹ̀ àárín sì ń rìn lórí ojú ọ̀nà náà bí a bá ń yí nọ́ọ̀bù. Bí wọ́n ṣe so ẹsẹ̀ mẹ́ta yìí mọ́ bọ́ọ̀dù ló ń sọ iṣẹ́ tí nọ́ọ̀bù ń ṣe. Iṣẹ́ náà pín sí oríṣi mẹ́ta, oríṣi kọ̀ọ̀kan sì ní àtúnṣe tirẹ̀.

Oríṣi kìíní ń gbé fólítéèjì kalẹ̀. Ẹsẹ̀ etí kan wà lórí +12 V tàbí +5 V, èkejì wà lórí ilẹ̀ tàbí −12 V, ẹsẹ̀ àárín sì ń mú fólítéèjì tó wà láàárín méjèèjì jáde. Oríṣi kejì ń dí iná lọ́wọ́ lásán: ẹsẹ̀ méjì péré ni wọ́n lò, tàbí kí wọ́n ti so ẹsẹ̀ àárín pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ etí kan. Oríṣi kẹta ni ohùn fúnra rẹ̀ ń gbà kọjá: ohùn wọlé láti ẹsẹ̀ etí kan, ẹsẹ̀ etí kejì wà lórí ilẹ̀, ohùn tó ti dín kù ló sì ń jáde láti àárín.

Mítà ló ń jẹ́ ká mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹ tan mọ́dúùlù náà, ẹ má ki ohùn kankan bọ̀ ọ́, ẹ fi ẹnu dúdú mítà sórí ilẹ̀, ẹ fi ẹnu pupa kan ẹsẹ̀ àárín, kí ẹ sì máa yí nọ́ọ̀bù díẹ̀díẹ̀. Bí fólítéèjì bá ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní mẹ́lọ́mẹ́lọ́, oríṣi kìíní ni. Bí mítà bá dúró lójú kan bí ó ti wù kí ẹ yí i tó, ẹ pa iná, kí ẹ tọpa bọ́ọ̀dù láti mọ̀ bóyá oríṣi kejì ni tàbí ìkẹta. Ẹ wo ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù dáadáa. Bí àwòrán àyíká iná mọ́dúùlù náà bá wà lọ́wọ́, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oríṣi kìíní: rẹsítọ̀ kan ló kù

Ibí ni kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Nínú irú mọ́dúùlù yìí, fólítéèjì ti ń darí iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀bù kàn ń sọ iye tí yóò jẹ́ ni. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni kí fólítéèjì mìíràn láti ìta dara pọ̀ mọ́ ọn.

Fólítéèjì tó ti ẹsẹ̀ àárín wá máa ń gba inú rẹsítọ̀ kan lọ sí ẹsẹ̀ op-amp tí wọ́n fi àmì ìyọkúrò sí. Ní op-amp TL072, ẹsẹ̀ kejì tàbí ẹsẹ̀ kẹfà ni. Nítorí rẹsítọ̀ tó ti ẹnu àbájáde op-amp padà wá sí ẹsẹ̀ yẹn, op-amp máa ń sapá láti mú kí ibẹ̀ dúró ní 0 V nígbà gbogbo, iye iná yòówù tó bá ń wọ ibẹ̀. Ojú ìpàdé ni ẹ jẹ́ ká pè é. Iná láti ọ̀nà méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè pàdé níbẹ̀ láìdí ara wọn lọ́wọ́, op-amp á sì ṣe àròpọ̀ gbogbo wọn. Bí ẹ bá fi mítà kan ojú ìpàdé tòótọ́, yóò máa ka òdo bí ẹ ti ń yí nọ́ọ̀bù. Bí ó bá ń yí padà, ibòmíràn ni ẹ wà.

Àtúnṣe náà kò ju èyí lọ: ẹ so jáàkì tuntun mọ́ rẹsítọ̀ kan, kí ẹ sì so rẹsítọ̀ náà mọ́ ojú ìpàdé. Ìbéèrè tó kù ni iye rẹsítọ̀. Ká ní nọ́ọ̀bù náà ń lọ láti −12 V dé +12 V, tí rẹsítọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 240k. 12 V pín sí 240k jẹ́ 50 µA, ìyẹn ni iná tó pọ̀ jù tí nọ́ọ̀bù lè fi ránṣẹ́. Bí a bá fẹ́ kí CV tó ń lọ láti −5 V dé +5 V ṣe gbogbo iṣẹ́ tí nọ́ọ̀bù ń ṣe, rẹsítọ̀ tí yóò fún 5 V ní 50 µA la ń wá, 5 V pín sí 50 µA sì jẹ́ 100k. Bí a bá fẹ́ kí CV ṣe ìdajì iṣẹ́ náà péré, 200k la máa lò. Bí rẹsítọ̀ bá ti ń tóbi, bẹ́ẹ̀ ni agbára CV ń dín kù.

Ọ̀nà kan wà tó tún rọrùn ju èyí lọ bí kò bá sí ojú ìpàdé. Àwọn jáàkì kan ní swíìṣì kékeré nínú, tó ń já bí a bá ti ki wáyà bọ̀ ọ́. Ẹ já ẹsẹ̀ etí pọ́ọ̀tì tó wà lórí +5 V, kí ẹ sì mú +5 V náà gba inú swíìṣì jáàkì yẹn. Bí wáyà kò bá sí nínú jáàkì, nọ́ọ̀bù á máa ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí wáyà bá ti wọlé, CV láti ìta ló gba ipò +5 V, nọ́ọ̀bù á sì máa sọ iye CV tí yóò kọjá. Kò lo ẹ̀yà ara kankan ju jáàkì lọ.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sílẹ̀ o: ọ̀nà tí fólítì kan fún òkítéfù kan ń gbà wọ ọsilétọ̀. Bí rẹsítọ̀ ibẹ̀ bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún yẹ̀, bí ohùn bá ti gun òkítéfù márùn-ún, àṣìṣe náà á ti ju ìdajì ìgbésẹ̀ kan lọ, gbogbo etí á sì gbọ́ ọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí nǹkan mìíràn máa mi ohùn ọsilétọ̀, ẹ la ihò tirẹ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú pọ́ọ̀tì tí yóò máa dín in kù.

Oríṣi kejì: ìmọ́lẹ̀ ló ń dí iná lọ́wọ́

Nígbà tí nọ́ọ̀bù bá jẹ́ rẹsítọ̀ lásán, a nílò rẹsítọ̀ tí fólítéèjì lè yí. LDR ni èyí tó rọrùn jù: rẹsítọ̀ tó ń rí ìmọ́lẹ̀. Nínú òkùnkùn, ìdíwọ́ rẹ̀ lè ju mílíọ̀nù óòmù lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí i, ó lè wálẹ̀ dé ẹgbẹ̀rún kan tàbí kí ó dín sí i. Ẹ kọjú LED pupa sí LDR, ẹ fi rọ́bà dúdú tó ń sún kì bí ó bá rí ooru bo méjèèjì kí ìmọ́lẹ̀ ìta má bàa wọlé, ohun tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní vactrol ti délẹ̀ nìyẹn. CV ń tan LED, LED ń yí LDR padà, LDR ń ṣe iṣẹ́ tí nọ́ọ̀bù ń ṣe. Iná tó ń darí àti ohùn tí à ń darí kò fara kan ara wọn rárá.

Àpẹẹrẹ tó súnmọ́ wa jù ni ékò. PT2399 ni áísíì tó wà nínú ọ̀pọ̀ áńpù karaókè àti míṣà tí a fi ń ṣe ékò fún máíkì, òun náà ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́dúùlù ékò. Rẹsítọ̀ tó wà láàárín ẹsẹ̀ kẹfà rẹ̀ àti ilẹ̀ ló ń sọ bí ékò yóò ṣe pẹ́ tó: ní 27.6k, ohùn á padà wá lẹ́yìn nǹkan bí 342 ms; ní 0.5k, lẹ́yìn nǹkan bí 31 ms. Ẹ so LDR tó ní rẹsítọ̀ 2.2k lẹ́yìn mọ́ ẹ̀gbẹ́ pọ́ọ̀tì tó wà níbẹ̀. Bí CV bá gòkè, LED á mọ́lẹ̀, ìdíwọ́ á dín kù, ékò á yára. Ohùn tó ti wà nínú áísíì náà tẹ́lẹ̀ á tún yára jáde, nítorí náà ẹ ó gbọ́ ọ tó ń gun òkè bí ékò ti ń kúrú, tó sì ń wálẹ̀ bí ó ti ń gùn. Orin ni ìyẹn fúnra rẹ̀. Ẹ má yọ rẹsítọ̀ 2.2k náà: bí ìdíwọ́ ẹsẹ̀ kẹfà bá kéré jù nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tan iná, PT2399 lè há, kó má ṣiṣẹ́.

Ohun mẹ́ta ló yẹ ká mọ̀ nípa vactrol. Èkíní, LED pupa kì í tàn títí fólítéèjì á fi tó bíi 1.8 V, nítorí náà CV tó bá kéré ju ìyẹn lọ kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹni tó fẹ́ kí ó tètè dáhùn gbọ́dọ̀ fi op-amp máa ti LED náà. Èkejì, LED kò fẹ́ fólítéèjì òdì. Ẹ so dáyóòdù 1N4148 mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní òdìkejì, kí iná òdì lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀kẹta, LDR lọ́ra, pàápàá nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kú. Kò yẹ fún ohun tó gbọ́dọ̀ yára bí ohùn, ṣùgbọ́n ìlọ́ra yẹn ló ń fún ohùn Buchla ní ìparí rírọ̀ tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí.

Bí pọ́ọ̀tì náà bá jẹ́ oníbejì, tí ọ̀pá kan ń yí méjì pọ̀ bó ti wà nínú àwọn fílítà kan, LDR méjì ni a óò kọjú sí LED kan. Ẹ fi mítà yan LDR méjì tí ìdíwọ́ wọn jọra lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà. Bí wọ́n bá yàtọ̀ jù, fílítà kò ní dún dáadáa.

Oríṣi kẹta: ohùn ló ń gba inú nọ́ọ̀bù

Nọ́ọ̀bù tó ń dín ohùn kù, bóyá ní ẹnu ọ̀nà, bóyá nínú ìpadàsẹ́yìn ékò, ló le jù. Ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀ ni áńpù tí CV ń sọ bí yóò ṣe gbé ohùn sókè tó. VCA ni wọ́n ń pè é. LM13700 ni áísíì tó wọ́pọ̀ fún un. Irú áńpù bẹ́ẹ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀. Iná tó ń wọ ẹsẹ̀ kìíní, tàbí ẹsẹ̀ kẹrìndínlógún fún ìkejì, ló ń sọ bí ohùn yóò ṣe pọ̀ tó. Iná náà kò gbọdọ̀ kọjá 2 mA láé.

Ohun mẹ́ta ló yẹ ká kíyè sí níbí. Àkọ́kọ́, LM13700 kò fẹ́ ohùn ńlá lẹ́nu rẹ̀: bí ó bá ju bíi 20 mV lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ohùn Eurorack sì jẹ́ 5 V. A óò gba inú rẹsítọ̀ 100k, a óò sì so rẹsítọ̀ 470 óòmù láti ibẹ̀ sí ilẹ̀. Ìyẹn á sọ 5 V di nǹkan bí 23 mV. Ìkejì, àbájáde LM13700 jẹ́ ìṣàn iná, kì í ṣe fólítéèjì. Op-amp tó ní rẹsítọ̀ 22k láti àbájáde rẹ̀ sí ojú ìpàdé rẹ̀ ni yóò dá a padà sí fólítéèjì. Pẹ̀lú 22k yìí, bí iná ìdarí bá jẹ́ nǹkan bí 0.5 mA, ohùn á jáde bó ṣe wọlé.

Ìkẹta ló máa ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹsẹ̀ ìdarí LM13700 kì í dúró ní òdo. Nítòsí −11 V ló máa ń wà bí a bá lo +12 V àti −12 V. Bí ẹ bá so rẹsítọ̀ láti jáàkì lọ sí ibẹ̀ tààrà, iná á ṣì máa ṣàn nígbà tí CV bá jẹ́ 0 V, ohùn ò sì ní dákẹ́ láé. Ẹ fi op-amp kan àti transísítọ̀ PNP bíi 2N3906 sáàárín wọn, kí 0 V lè túmọ̀ sí ìdákẹ́rọ́rọ́ gidi.

Mọ́dúùlù oní-kọ̀ǹpútà àti swíìṣì

Nínú àwọn mọ́dúùlù tí kọ̀ǹpútà kékeré wà nínú wọn, nọ́ọ̀bù máa ń fi fólítéèjì láti 0 V dé 3.3 V ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ kọ̀ǹpútà náà. Oríṣi kìíní ni lójú mítà, ṣùgbọ́n kò sí ojú ìpàdé níbẹ̀. Bí ẹ bá ki CV 5 V tàbí −5 V bọ̀ ọ́ tààrà, ẹ lè ba kọ̀ǹpútà náà jẹ́. Ọ̀nà tó dára ni kí nọ́ọ̀bù àti CV kọ́kọ́ pàdé nínú op-amp bíi MCP6002 tó ń jẹ iná 3.3 V kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Nítorí pé kò rí iná ju 3.3 V lọ, kò lè fún kọ̀ǹpútà ní ju 3.3 V lọ. Rẹsítọ̀ 100k lẹ́nu ọ̀nà ló ń dáàbò bo op-amp náà fúnra rẹ̀.

Swíìṣì náà lè gba CV. Áísíì 4066 ní swíìṣì mẹ́rin tí fólítéèjì ń ṣí tó sì ń tì. Ṣùgbọ́n láti −12 V dé +12 V jẹ́ 24 V, 4066 kò sì lè gba iye bẹ́ẹ̀. Ẹ fún un ní −5 V àti +5 V, tàbí kí ẹ lo DG412 tó lè gbà á.

Nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀

Ẹ yọ bọ́ọ̀dù kúrò lára páànẹ́lì pátápátá kí ẹ tó lu ihò. Èérún irin tó bá já sórí bọ́ọ̀dù lè so ọ̀nà iná méjì pọ̀, kó sì jó áísíì tí ẹ ò fọwọ́ kàn rárá. Jáàkì 3.5 mm tó wọ́pọ̀ nínú Eurorack gba ihò 6 mm. Bí àyè kò bá sí lójú páànẹ́lì, ẹ má fipá mú un; ẹ gbé jáàkì náà sórí páànẹ́lì kékeré mìíràn tí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wáyà sì so wọ́n pọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ fi pọ́ọ̀tì 100k sí ẹ̀yìn gbogbo jáàkì CV tuntun bí àyè bá wà, kí ẹ lè dín in kù. CV tí a kò lè dín kù máa ń ṣe jù tàbí kó má tó. Ẹ rántí pé CV àti nọ́ọ̀bù àtijọ́ jọ ń ṣe àròpọ̀ ni: bí nọ́ọ̀bù bá ti wà lókè pátápátá, CV tó ń gòkè kò ní ohun tí yóò fi kún un mọ́. Ẹ fi nọ́ọ̀bù sáàárín, kí ẹ sì jẹ́ kí CV máa gbé e lọ sọ́tùn-ún àti sósì.

Ẹ lo jáàkì tó ní swíìṣì, kí ẹ sì so swíìṣì náà mọ́ ilẹ̀. Jáàkì tó ṣí sílẹ̀ láìsí wáyà nínú rẹ̀ máa ń gba ariwo 50 Hz láti ara iná ilé, ariwo yẹn á sì di CV tí ẹ kò béèrè fún. Fún ìdí kan náà, ẹni tó bá ń lo jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹnu ọ̀nà iná rẹ̀. Réglétọ̀ 7812 àti 7912 pẹ̀lú kapásítọ̀ tó tó ń fún mọ́dúùlù ní iná tó dákẹ́ bí iná NEPA bá tiẹ̀ ń fò. Ẹ wo wáyà pẹlẹbẹ tó ń gbé iná wọ mọ́dúùlù náà pẹ̀lú: ìlà pupa ara rẹ̀ ni −12 V. Bí ẹ bá kì í bọ̀ ọ́ lódìkejì, mọ́dúùlù lè jó lójú ẹsẹ̀.

Kí ẹ tó tan iná, ẹ fi mítà wò ó pé +12 V, −12 V àti ilẹ̀ kò fara kan ara wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò ní ìpele: nọ́ọ̀bù nìkan kọ́kọ́, láìsí wáyà nínú jáàkì tuntun, kí ó dá yín lójú pé mọ́dúùlù ṣì ń ṣe bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ wá ki CV tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ bọ̀ ọ́, láti 0 V dé 5 V, kí ẹ sì máa gbọ́. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fún un ní CV tó yára. Bí ohùn bá kú níbi tí kò yẹ, ẹ padà sọ́dọ̀ rẹsítọ̀ ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó fura sí áísíì. Áísíì tí ẹ yọ lára ẹ̀rọ àtijọ́ ní Alaba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí bọ́ọ̀dù ìdánwò kí ó tó dé inú mọ́dúùlù.

Ẹ ya àwòrán gbogbo ohun tí ẹ ṣe: jáàkì tí ẹ fi sí i, rẹsítọ̀ àti iye rẹ̀, ibi tí ẹ so ó mọ́. Ẹni tó bá máa tún mọ́dúùlù náà ṣe lẹ́yìn yín yóò nílò rẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín náà á sì nílò rẹ̀ bí ẹ bá ti gbàgbé.

Mo gbà pé àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń jókòó sídìí bọ́ọ̀dù áńpù ní Alaba àti ní ṣọ́ọ̀bù kéékèèké Kuje ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo kọ síbí. Wọ́n mọ pọ́ọ̀tì, wọ́n mọ op-amp, wọ́n mọ bí a ṣe ń fi mítà wá ibi tí iná ti sọnù. Ohun tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn ni pé ìmọ̀ náà lè dá ohun èlò orin sílẹ̀, kò mọ sórí títún èyí tó bàjẹ́ ṣe. Ẹ̀yin olórin tó ní mọ́dúùlù, ẹ gbé e lọ bá wọn. Ẹ jọ wo nọ́ọ̀bù kan, ẹ jọ mọ oríṣi tó jẹ́, ẹ jọ ṣírò rẹsítọ̀ rẹ̀. Bí olórin àti oníṣẹ́ bá jókòó síwájú bọ́ọ̀dù kan náà, mọ́dúùlù tí yóò jáde níbẹ̀ á ní ohùn tí ẹnikẹ́ni kò lè rà lọ́jà.